Mẹ́nù Tí Bàbá Mi Máàkì

Nítorí ojú ni bàbá mi ṣe wá sí Houston. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń gbé apátímẹ́ǹtì oníyàrá méjì ní Greenspoint. Hẹ́dímásítà ilé ìwé ìjọ ni wọ́n nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ojú wọn ti ṣe bàìbàì débi pé àwọn ará àdúgbò kọ̀wé sí mi pé Bàbá ń kí igi ọ̀pẹ iwájú ilé káàárọ̀, pé inú sì ń bí wọn nítorí pé kò dáhùn. Mo bá fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Dókítà ṣe ojú ọ̀tún, ó ní kí wọ́n dúró oṣù mẹ́ta kí òun lè ṣe tòsì náà.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gba awò ojú tuntun, ọ̀sán ti pọ́n kí a tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ebi sì ń pa mí. Mo ní kí a yà jẹun níbì kan. Bàbá mi kì í jẹun níta. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó nílé tó sì ń jẹun níta, ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣàìsàn tàbí kí ó ti kọ̀ ọ́. Ìyá mi ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, fúnra wọn ni wọ́n sì ń se oúnjẹ wọn, síbẹ̀ wọn kò torí ìyẹn jẹun níta rí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń wa ọkọ̀.

Ilé oúnjẹ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, láàárín ibi tí wọ́n ti ń ta táyà àti ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Àwọn awakọ̀ tírélà àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ló máa ń jẹun níbẹ̀. Opó òyìnbó kan tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún ló ni ín. Ó ní kúùkù kan lẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ fún gbogbo ènìyàn. Ó gbé omi síwájú wa, ó wo bàbá mi, ó ní, “Oyin mi, kí lẹ máa mu?”

Bàbá mi dúró títí obìnrin náà fi lọ.

“Ta ló ń pè ní oyin?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Ṣé ó mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ ni?”

“Rárá, sà. Bó ṣe ń pe gbogbo ènìyàn nìyẹn.”

“Kò dára,” ni wọ́n wí, wọ́n sì mu omi.

Wọ́n gbé mẹ́nù. Ìwé pélébé ni, tí obìnrin náà fi taipúráítà tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ nìyí tí bàbá mi máa fi ojú tuntun kà. Wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n padà sí òkè. Mo rò pé oúnjẹ ni wọ́n ń yàn. Wọ́n bá fa báírò pupa yọ nínú àpò àyà wọn. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, n kò mọ̀ pé báírò náà ṣì ń bá wọn kiri.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kì í ṣe ìwé wa.”

“Mo mọ̀. Ìwé ta ni?”

“Ti obìnrin yẹn ni.”

“Ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún un.”

Wọ́n fa ilà sí abẹ́ ọ̀rọ̀, wọ́n fi lẹ́tà tó já bọ́ sípò, wọ́n pa èyí tó pọ̀ jù rẹ́. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kọ mẹ́rìnléláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sí igun òkè, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó tún un ṣe. Obìnrin náà dé pẹ̀lú jọ́ọ̀gù kọfí lọ́wọ́. Ó mú ìwé náà, ó kà á. Èmi ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú báàgì mi.

Ó gbé jọ́ọ̀gù sílẹ̀. Ó ní, “Èyí tí olùkọ́ mi fún mi ní kíláàsì kẹfà kò tó báyìí.” Ó wá béèrè bóyá Bàbá á lè bá òun wo ìwé oúnjẹ àárọ̀ náà, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀.

Bàbá mi ní ó di ọ̀la, pé àwọn kì í máàkì ìwé méjì lójúmọ́ kan náà pẹ̀lú ebi nínú. Obìnrin náà gbé ilá díndín wá fún wọn. “Ta ló ń dín ilá?” ni wọ́n bi mí. Mo ní báwọn ara Texas ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní kì í ṣe ilá, ṣùgbọ́n kò burú.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí mo tibi iṣẹ́ dé, Bàbá kò sí nílé. Mo wa ọkọ̀ lọ sí ilé oúnjẹ yẹn, wọ́n sì wà níbẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé, pẹ̀lú ìwé níwájú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé ibẹ̀. Ní Houston, ẹni tí wọ́n bá rí tó ń fẹsẹ̀ rìn, ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́. Ènìyàn mẹ́rin ló ti dúró láti gbé wọn, ọlọ́pàá sì wà nínú wọn. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣàlàyé fún un pé ara àwọn le, wọ́n sì ń bá ìrìn wọn lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni, àfi ọjọ́ Ìsinmi. Ọkọ mi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá Bàbá fẹ́ gbéyàwó ni. Mo ní kó jẹun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo lọ gbé wọn, mo rí wọn láti ìta, wọ́n di orí mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì ń fi aṣọ ìnujú nu ojú. N kò tíì rí i kí bàbá mi rẹ́rìn-ín báyẹn láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi. Mo dúró ti ọkọ̀ mi díẹ̀ kí n tó wọlé.

Ìjà dé nígbà tí wọ́n kan oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní chicken-fried steak. Bàbá mi bi obìnrin náà pé níbo ni adìyẹ wà níbẹ̀. Ó ní kò sí adìyẹ, pé ẹran màlúù ni wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n sì dín bí adìyẹ. Bàbá mi ní irọ́ ni nígbà náà. Wọ́n pa adìyẹ rẹ́, wọ́n kọ ẹran màlúù aláìléegun, tí a yí nínú ìyẹ̀fun, tí a sì dín nínú òróró gbígbóná. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó rà á. Àwọn awakọ̀ tírélà ń wo ìwé, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń béèrè ibi tí oúnjẹ àwọn lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, obìnrin náà dá adìyẹ padà síbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi rí i. Wọ́n fi báírò sápò, wọ́n kí i pé ó dàárọ̀, wọ́n rìn wálé. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wà nínú ilé, tí wọ́n ń mu gààrí, tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò tan iná rẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, èmi nìkan yà sí ilé oúnjẹ náà.

“Ọ̀gá ńkọ́?” ni obìnrin náà béèrè.

“Wọ́n ń sinmi ni.”

“Mo mọ irú ìsinmi yẹn. Ọkọ mi náà máa ń sinmi bẹ́ẹ̀.”

Mo sọ fún bàbá mi lálẹ́ pé obìnrin náà béèrè wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jáde láti yàrá pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, wọ́n dojú kọ ọkọ mi tó ń mu tíì.

“Ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ yìí tí wọ́n sọ ní Babátúndé, ṣé ó ti di bàbá ẹnikẹ́ni?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé irọ́ ni orúkọ náà?”

“Rárá, sà,” ni ọkọ mi wí. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

“Ẹran yẹn lè máa jẹ́ adìyẹ,” ni wọ́n wí, wọ́n sì jáde.

Dókítà ṣe ojú òsì, ó yọrí sí rere, àkókò tó láti padà sílé. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, a jọ lọ jẹun àárọ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà kò gba owó. Bàbá mi kò mọ bí a ti ń jẹun ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ẹbí, wọ́n bá dìde dúró láàárín ilé oúnjẹ, wọ́n sì fi Yorùbá gbàdúrà fún un. Wọ́n gbàdúrà fún ìdáná rẹ̀, fún eékún rẹ̀ tó ń dùn ún, fún àwọn tó ń jẹun níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ tírélà ṣí fìlà. Ẹnì kan nínú wọn ṣe àmín níbi tí wọ́n ti ń dárúkọ ìlú wa. Obìnrin náà tẹrí ba títí àdúrà fi parí, ó sì ní, “Ó dàbọ̀, oyin mi.” Bàbá mi ní, “Ó dàbọ̀, màdáámù.”

Wọ́n ń kọ lẹ́tà síra wọn. Obìnrin náà sọ fún mi pé tòun máa ń padà wá pẹ̀lú máàkì, pé máàkì òun ti wọ àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, àwọn ọ́fíìsì Greenspoint bẹ̀rẹ̀ sí ṣófo, àwọn tó ń jẹun ọ̀sán kò sí mọ́. Obìnrin náà ti ilé oúnjẹ pa, ó kó lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Arkansas. Kò pẹ́ tí ó fi ṣàìsí. Àbúrò náà ló tẹ̀ mí láago. Mo kọ ọ́ sí bàbá mi. Èsì wọn jẹ́ ojú ìwé méjì, nípa páànù ilé tó ń jò àti ẹgbẹ́ akọrin tí kò gbọ́ra wọn yé. Ní àárín rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ pé ó dun àwọn, pé obìnrin náà mọ bí a ti ń gba ìbáwí, àti pé irú rẹ̀ kò pọ̀.

Èmi àti ọkọ mi kó lọ sí Mission Bend, nítòsí Houston níbẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, a máa ń jẹun ní mọ́ọ̀lù, níbi tí wọ́n ti ya àwòrán gbogbo oúnjẹ sára ògiri láìkọ ọ̀rọ̀ kankan tí ènìyàn lè máàkì, tí ènìyàn kàn ń nàka sí èyí tó bá fẹ́.