Iná Púpurú Yèyé Mi

Èéfín ló kọ́kọ́ máa ń kí mi káàbọ̀ bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀. Kì í ṣe èéfín ọkọ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà kò wọ́n níbẹ̀. Èéfín púpurú Yèyé mi ni mò ń wí. Òórùn igi kòkó gbígbẹ wà nínú ẹ̀, òórùn ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi náà wà nínú ẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìwé á ti mọ̀ pé mo ti ilé dé kí n tó lanu. Ẹ̀yìn bùkà Yèyé, níbi tó ti ń ta oúnjẹ, ni àjà tí a fi ń yan án wà. Yèyé á rẹ ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, á fún omi ẹ̀ dànù, á fi ọwọ́ mọ ọ́n róbótó, á wá tò ó sórí àjà kí iná máa yá a lábẹ́. Tí ara ẹ̀ bá dúdú kirikiri, á fi ọ̀bẹ ha dúdú yẹn kúrò, inú ẹ̀ á sì funfun báláú, á gún un kúnná, á fi omi gbígbóná rò ó bí ọkà. Láti ọjọ́ tó ti dá bùkà yẹn sílẹ̀, iná náà kò kú rí. Bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, á fi eérú bò ó. Bó bá dé, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fẹ́ ẹ, iná á tún jí.

Ìwọ náà kúkú mọ Ọ̀rẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ bá yà sí ni oúnjẹ ti ń tà. Nígbà kan, àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá tó ń lọ sí ọ̀nà Bìní kì í kọjá láìdúró níwájú wa. Ìgbà tó yá, àwọn ilé oúnjẹ tuntun dé, wọ́n ní fáànù lókè, wọ́n ní ilé ìtọ̀ tó mọ́, ni bọ́ọ̀sì bá ń yà sọ́dọ̀ wọn. Kérésì kan ni mo wálé láti Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ń dáná ní òtẹ́ẹ̀lì, mo bá Yèyé tó ń gbé ọbẹ̀ àná kaná. Àwọn awakọ̀ ẹlẹ́rù mélòó kan àti àwọn àgbẹ̀ tó gun ọ̀kadà wá láti Òdìgbò ló kù sórí bẹ́ǹṣì. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Àwa náà la kúkú ń jẹ ẹ́." Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, mo kó ẹrù wálé, mo ní bùkà yìí kò ní kú mọ́ ìyá mi lọ́wọ́ lójú ayé mi.

O mọ̀ pé n kì í fi nǹkan falẹ̀. Mo kun ilé, mo gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, mo kọ́ ilé ìtọ̀ t'ọkùnrin t'obìnrin, mo gbéra, mo lọ bẹ àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì nínú páàkì. Ọ̀kan nínú wọn wá wò ó, ó mi orí. "Ó dáa o, àǹtí. Àmọ́ èéfín ẹ̀yìn yẹn ńkọ́? Àwọn èrò mi á ní aṣọ àwọn ń rùn." Kí n má purọ́ fún ọ, inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀ pé ẹlòmíì ló sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí èéfín yẹn ti ń tì mí lójú. Mo bá Yèyé lẹ́yìn ilé, ó ń ha púpurú.

"Yèyé, a máa wó àjà yìí o. A ó máa ra èyí tó ti kúnná lọ́jà."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo iná, ó wò mí.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

"Ó dáa náà."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha púpurú ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìyá mi kì í ṣe olóríkunkun. Ẹ gbà mí, irú òmùgọ̀ wo ni mo jẹ́!

Wọ́n wó àjà, wọ́n da omi sí iná, wọ́n fi táìlì bo ojú ibẹ̀. Mo ra àga onítìmùtìmù kan fún Yèyé, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo ní iṣẹ́ parí fún un. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọmọ tó tó báyìí ń wo ìyá ẹ̀ níran níbi tó ti ń fẹ́ná? Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń kí i pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ní í mu, èmi náà á sì ní àmín, orí mi á wú. Mi ò bi í rí bóyá òùngbẹ irú ọmú bẹ́ẹ̀ ń gbẹ ẹ́. Àwọn bọ́ọ̀sì padà dé lóòótọ́. Ìrẹsì ń tà, adìẹ ń tà, èrò ń tò dé títì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Yèyé máa ń dìde lọ sẹ́yìn ilé, á dúró lórí táìlì yẹn, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń yáná, á tún padà wá jókòó. Ní ọjọ́ kan ó wọ ilé ìdáná, ó mú ìgbákọ. Àwọn awakọ̀ ẹlẹ́rù méjì ló rí níta, ó fẹ́ bu oúnjẹ fún wọn, kó sì bi wọ́n bí ọ̀nà ti rí gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Mo kígbe láti iwájú: "Yèyé, ẹ lọ sinmi jàre! Kí lẹ tún ń wá?" Ó rọra fi ìgbákọ lélẹ̀. Ó ní, "Mi ò wá nǹkan kan." Láti ọjọ́ náà ni kò ti wọlé ìdáná mọ́. Tí a bá gbé púpurú ọjà síwájú ẹ̀, á tọ́ ọ wò, á ní iná kò dé inú eléyìí, á ti abọ́ sẹ́yìn. Dókítà ní òun kò rí àìsàn kan gbòógì. Òjò ọdún kejì ló bá lọ, lọ́sàn-án gangan, lórí àga yẹn. Mo ti kí èrò bọ́ọ̀sì méjì káàbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí n tó mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti obìnrin tó ti ń bá a gún púpurú láti ìgbà tí mo wà ní kékeré la jọ ń ka aṣọ ẹ̀. Mo fi ẹkún sọ pé ó ṣáà sinmi díẹ̀ kó tó lọ, òun náà ló kúkú gbà pé ká wó àjà. Obìnrin náà jẹ́ kí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ta ló gbà? Ó sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Èmi ni mo ní kó sọ fún ọ. Ó ní tóun bá bá ọ jà, wàá padà sí Àkúrẹ́. Ó ní kí iná kú, kí ọmọ òun ṣáà wà nílé."

Nísàlẹ̀ àpótí, a bá púpurú kan ṣoṣo tó fi gèlè wé, èyí tó kẹ́yìn lórí àjà, tí a kò tíì ha. Ó wà lọ́dọ̀ mi títí dòní. Mi ò lè ha á, mi ò sì lè sọ ọ́ nù.

Mo ti hú táìlì yẹn kúrò. Mo dáná síbẹ̀, mo fi eérú bò ó lálẹ́ bí mo ṣe rò pé ó máa ń ṣe é, ilẹ̀ mọ́, mo bá eérú tútù. Ọgbọ́n kan wà nínú bíbò yẹn tí mi ò dúró kọ́. Bùkà ń tà o, ọ̀rẹ́ mi. Bó o bá kọjá ní Ọ̀rẹ̀ lónìí, o ò ní ráyè jókòó níbẹ̀. Àmọ́ ìyá mi jẹ́ kí iná òun kú kí n lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, mo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lóòótọ́: mo kọ ẹ̀yìn sí i, mò ń kí oníbàárà.