Àgọ́ Wa Lẹ́bàá Ọ̀nà Àwọn Eléré Kẹ̀kẹ́

Òórùn dòdò ni ó sọ wá di ọ̀rẹ́ àwọn aládùúgbò wa lórí òkè náà. Ìyàwó mi gbé sítóòfù kékeré kalẹ̀ lẹ́bàá títì, ó da òróró sí páànù, kò sì pẹ́ tí àwọn òyìnbó tó pàgọ́ lókè àti nísàlẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn bí àgùnfọn. Ọjọ́ kejì wa níbẹ̀ nìyẹn. A ti wa mọ́tò láti Laurelton, àdúgbò tí à ń gbé ní Amẹ́ríkà, lọ sí àwọn òkè tó wà níhà àríwá, nítorí pé àwọn tó ń fi eré kẹ̀kẹ́ jẹun máa gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tó bá sì fẹ́ àyè tó dára létí ọ̀nà ní láti tètè wá gbà á, kó sì sùn síbẹ̀.

Kí n má parọ́, èmi kọ́ ni mo fẹ́ lọ. Níbi tí wọ́n bí mi sí, ẹni tó bá ríṣẹ́ gidi, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń tà. Kò yé mi ìdí tí àgbàlagbà yóò fi wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan, tí yóò máa fẹsẹ̀ gun òkè tí mọ́tò lè gùn. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń wo eré yìí lórí tẹlifíṣọ̀n tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn: òkèèrè ni kámẹ́rà ti ń yà wọ́n. "Mo fẹ́ rí ojú ẹni tó ń gun òkè," ni ó máa ń wí. Lọ́dún yẹn, òun gan-an ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Dókítà fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kó fi sinmi kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun mọ ohun tí òun fẹ́ lò ó fún. Èmi náà mọ̀ pé ó lè má sí ọdún mìíràn, mo sì lọ ra àgọ́.

Àgọ́ ọ̀hún! Mo kàwé dé yunifásítì, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó wó lé mi lórí. Bàbá arúgbó kan, ará Puẹto Ríkò tó ń gbé ní Staten Island, tó pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wa, ni ó wá bá mi gbé e dúró. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí.

"Dádì, ẹ rọra o, kí àgọ́ má baà gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ yín."

"Ìwọ sáà máa dín dòdò rẹ," ni mo fi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ eré, a gbọ́ ìró hẹlikọ́pítà tó ń gbé kámẹ́rà tẹ̀lé àwọn eléré, gbogbo ènìyàn sì tú sí etí títì. Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá arúgbó náà dé láti gba ìrẹsì tí ìyàwó mi ti ṣèlérí fún un. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ìyàwó mi kò lè wà ní ìdúró kó na oúnjẹ sí àgbà, kó sì máa wo ibòmíràn. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ fún un, ó bi í bó ṣe sùn, ó tún béèrè orúnkún tó ń dùn ún. Bàbá, tí ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ fún rí ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í súre lédè Sípáníìṣì. Kí ìyàwó mi tó ṣe àmín tán, odindi ọ̀wọ́ àwọn eléré ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀ fìrì. Ìgbà tó fi dìde, ẹ̀yìn wọn ló rí.

"Wọ́n ti lọ!" ni mo pariwo. "Ìwọ àti ìkúnlẹ̀ rẹ!"

Bàbá arúgbó náà di abọ́ mú bí ẹni tó jalè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa èèkàn àgọ́ tu, nítorí mo fẹ́ ká jáde kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

"Dádì, kí lẹ ń kánjú sí?"

"Ilé ni. Àjò kì í dùn kónílé má relé."

"Ẹni ìkẹyìn ò tíì kọjá. Ẹnì kan máa ń kù sẹ́yìn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn."

Ó gbé àga rẹ̀ sí etí títì gan-an, ó jókòó. Àwọn ènìyàn ń kó ẹrù, èmi ń wo aago. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin kan yọ ní kọ́nà, òun nìkan. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó sì ń rọra tẹ kẹ̀kẹ́ débi pé mo lè fẹsẹ̀ rìn bá a. Kò sí ẹni tó ń hó fún un mọ́. Ìyàwó mi dìde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ni ó kígbe, bí a ṣe ń kí ẹni tó ń roko. "Ẹ kú iṣẹ́! Ẹ kú ìrọ́jú o!"

Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó ti awò ojú rẹ̀ sí iwájú orí, ó wo ìyàwó mi lójú, ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó tún doríkodò, ó ń gun òkè rẹ̀ lọ.

"Ṣé ẹ rí i?" ni ìyàwó mi bi mí. "Ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò bínú."

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa dáadáa nígbà tí à ń bọ̀, mo sì kùn títí a fi dé Jamaica, àdúgbò tó súnmọ́ Laurelton wa. Ó ti sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò gbọ́ ìkankan níbẹ̀.

Kò bá mi wo eré ọdún tó tẹ̀lé e. Èmi ni mo ń wò ó báyìí, ṣùgbọ́n ẹ má bi mí lẹ́ni tó gbégbá orókè. Mo máa ń rántí bí mo ṣe ń fa èèkàn tu lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé wọ́n ń lé mi. Ilé ni mo ń kánjú lọ. Ilé náà ni mo wà yìí.