Pátákó Tí Mo Ń Gbé Kọ́ Ọmọ Lọ́rùn

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà tí ìwé kékeré kan bá mi wí. Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ni, Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa sì ń tún ara rẹ̀ tò. Ọmọ Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ ni mí, ṣùgbọ́n ìlú Oǹdó ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Yorùbá.

Onímọ̀ èdè kan ló kọ ìwé náà fún tèmi tìẹ, kì í ṣe fún àwọn ará yunifásítì nìkan. Ó ní kò sí ẹ̀ka-èdè tó jẹ́ ìdọ̀tí èdè mìíràn. Àwọn èèyàn ló jókòó ṣa Yorùbá inú ìwé jọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló sì kù sẹ́nu àwọn àgbà abúlé. Inú bí mi, mo pa ìwé dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Èmi ni mo ń tọ́jú pátákó kan nílé-ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ tó bá sọ èdè Oǹdó ní kíláàsì mi ni mo ń gbé e kọ́ lọ́rùn, títí ẹlòmíràn yóò fi ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí èmi fúnra mi bá délé, Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni mo ń bá ìyá mi sọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá ọmọbìnrin kan, ẹni tó ń gbé pátákó náà kọ́rùn ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wá bá mi.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá mú ọmọ mi lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.”

“Kí ló dé, mà?”

“Nílé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Tó bá dọ́dọ̀ yín, ó di odi. Àbí ẹ̀yin lẹ ti àgádágodo mọ́ ọn lẹ́nu?”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè títí di ọjọ́ àwọn òbí, tí ilé-ẹ̀kọ́ máa ń pe àwọn òbí jọ. Mo tún ìwé náà ṣí, mo kà á parí. Lọ́jọ́ kejì mo gbé pátákó náà fún ìyá tó ń se oúnjẹ nílé-ẹ̀kọ́, ó fi dáná. Mo wá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ gba ìtàn lẹ́nu àgbà ilé wọn, kó kọ ọ́ bí àgbà náà ṣe sọ ọ́, kó sì múra láti sọ ọ́ lójú àwọn òbí lọ́jọ́ náà.

Igbákejì ọ̀gá wa, ọmọ Ọ̀wọ̀, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Tíṣà, ẹ ti fẹ́ sọ kíláàsì doko?”

“Ṣé ìyá yín l'Ọ́wọ̀, èdè oko ló fi tọ́ yín?”

Àwọn tíṣà yòókù bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọjọ́ àwọn òbí kò jìnnà, a ó jọ rí i.”

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ọmọbìnrin tó ń gbé pátákó yẹn dìde. Ó fi èdè Oǹdó sọ bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe gbin kòkó àkọ́kọ́ sóko ọkọ rẹ̀. Ó tún un sọ ní Yorùbá inú ìwé, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Baba arúgbó kan fò dìde: “Ìgbà tí mo wà ní kékeré ni mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ Oǹdó àtijọ́ yìí kẹ́yìn!” Gbọ̀ngàn dà rú fún àtẹ́wọ́, igbákejì ọ̀gá wa ló pa tirẹ̀ pẹ́ jù.

Ìyá ọmọ náà rọ́ wá bá mi. “Tíṣà, aránṣọ kò rí i gbà mọ́ o!” Ọmọ náà ka ìwé rẹ̀ parí lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ, ẹ kọ́ wọn ní Yorùbá inú ìwé dáadáa. Kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fi àṣìṣe mi kọ́gbọ́n: ẹ má ṣe gba èdè ìyá ọmọ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó fún un ní òmíràn.