Omi Ọṣẹ Nínú Bíréékì Màmá Mi

Òórùn kan wà tí mi ò lè gbàgbé láyé: òórùn ọ́ìlì bíréékì láàárọ̀, nígbà tí ìrì ò tíì gbẹ lára ewé. Ó máa ń dùn díẹ̀ nímú, ó sì máa ń ta díẹ̀, á wá pò mọ́ òórùn gàrí tí Ìyá Wàsíù, aládùúgbò wa, ń yan lẹ́yìnkùlé wa. Abúlé wa ò jìnnà sí Ìyànà Ọ̀fà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí màmá mi ń wà kiri ló ń jo ọ́ìlì yẹn sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni màmá mi. Ní àdúgbò wa nígbà náà, ọkọ̀ wọn nìkan ló lè gbé aboyún dé ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn bí ọ̀rọ̀ bá le. Ọkọ̀ náà ti gbó, àmọ́ ó ní ohun tí ọkọ̀ tó kù lágbègbè wa ò ní: páńpù kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí táyà há béèyàn bá tẹ bíréékì lójijì lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. ABS ni wọ́n ń pè é. Páńpù yìí ló ń jò. Àràárọ̀ ni màmá mi ń rọ ọ́ìlì kún un, wọ́n á sì wò mí lójú: "Bùsọ́lá, ẹ̀mí méjì ni mò ń gbé sínú ọkọ̀ yìí. Má fi ṣeré o."

Láàárọ̀ Sátidé kan, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n lọ wẹ̀. Mo gbọn agolo ọ́ìlì wò, ó ti gbẹ. Mo ti rí àwọn awakọ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà tí wọ́n ń bu omi ọṣẹ sí bíréékì bí ọ́ìlì bá tán lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n á sì gbéra bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ọgbọ́n ńlá ló jọ lójú mi. Mo po ọṣẹ ìfọṣọ nínú ife, mo dà á síbi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, mo dé e padà. Inú mi ń dùn pé mo ti ran màmá mi lọ́wọ́. Á, ọmọdé!

Nígbà tí màmá mi ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn tí wọ́n tẹ bíréékì, ńṣe ló rì wọlé bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Ilé adìẹ wa ló dá ọkọ̀ náà dúró. Màmá mi jáde. "Olúwa ṣeun o! Ká ní orí òkè ni ńkọ́? Ká ní mo gbé aboyún ńkọ́?" Ìyá Wàsíù ti wọ oṣù rẹ̀ nígbà náà, ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Páńpù tó ń jò ni gbogbo èèyàn dá lẹ́bi. Mo lọ ṣan ife ọṣẹ, mo gbé e padà sáyè rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Bàbá Mùfú, mẹkáníìkì wa, gbé páńpù tòkunbọ̀ mìíràn dé láti ọjà Géètì n'Ìbàdàn. Àwọn mẹkáníìkì tó kù ti ní ká yọ ti àtijọ́ dànù, ká kàn so páìpù pọ̀, àmọ́ Bàbá Mùfú fàáké kọ́rí. Wọ́n ní "Bísímílàhì," wọ́n tú páìpù àkọ́kọ́. Ohun tó kán jáde ń hó. Wọ́n fi ìka ra á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wá yíjú sí mi. Màmá mi wà nínú ilé. Bàbá Mùfú lóṣòó tì mí, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. "Ìyá mi, ta ló fọṣọ nínú ọkọ̀?"

Ẹkún gbà mí lẹ́nu. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pariwo, wọn ò ṣépè. "O ṣeun tí o sọ ọ́. Ọṣẹ ń jẹ rọ́bà inú bíréékì. Tó bá ṣẹ́kù, ó máa já màmá ẹ kulẹ̀ lórí òkè. Ìwọ lo máa bá mi lé e jáde."

Wọn ò mọ̀wé kà. Wọ́n ní kí n wá òwú ìránṣọ wá, wọ́n sì so ó mọ́ páìpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wọ páńpù: kókó kan, kókó méjì, títí dé mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n ń dá wọn padà sára páńpù kejì, ojú sánmà ni wọ́n ń wò, ìka wọn ló ń ka kókó. Ẹnu yà mí. Wọn ò ṣi ẹyọ kan.

Wọ́n wá gbé mi sí ìdí sítíà. Etí àga ni mo jókòó sí kí ẹsẹ̀ mi lè tó bíréékì. Wọ́n wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, wọ́n ń tú nọ́ọ̀tì bíréékì kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè jáde, wọ́n ń ké: "Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú! Ó tó, tú u sílẹ̀!" Ìfófó jáde, omi jáde, afẹ́fẹ́ jáde, láti táyà dé táyà, títí ọ́ìlì fi mọ́ gaara. Itan mi ń ro mí. Lójijì, bíréékì tó ti ń rì látàárọ̀ dìde lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó le gbagidi. Ọlọ́run mi! Ohun tí mi ò fojú rí wà nínú irin yẹn, ó sì ń ti ẹsẹ̀ mi padà.

Àṣà Bàbá Mùfú ni pé ẹni tó bá tún bíréékì ṣe ló ń kọ́kọ́ gun ọkọ̀ náà. Wọ́n ní àwa méjèèjì la tún un ṣe. A sọ̀ kalẹ̀ ní òkè tó lọ sí odò, Bàbá Mùfú ń fi eré wà á, mo di ilẹ̀kùn mú. Wọ́n tẹ bíréékì lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ọkọ̀ gbọ̀n rìrìrì, táyà ò há, ó dúró ṣinṣin.

Nígbà tí a délé, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, Bùsọ́lá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá yín sọ." Mo sọ ọ́. Màmá mi jókòó sílẹ̀, wọ́n sunkún, wọ́n fà mí mọ́ra. Lọ́jọ́ kẹrin, nínú òjò ńlá, wọ́n gbé Ìyá Wàsíù sọ̀ kalẹ̀ ní òkè odò yẹn kan náà lọ sí Ìbàdàn. Ọmọbìnrin ló gbé pọ̀n bọ̀ wálé.

Èmi náà di nọ́ọ̀sì, ọ̀gá ni mí ní wọ́ọ̀dù wa báyìí. Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́ kan lára àwọn nọ́ọ̀sì mi fún aláìsàn ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì wá jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú, nǹkan kan ò ṣe aláìsàn náà. Àmọ́ mo pariwo mọ́ ọmọ náà débi pé àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì gbórí sókè.

Ẹsẹ̀ mi ti gùn tó bíréékì, mi ò jókòó sí etí àga mọ́. Àmọ́ Bùsọ́lá ọmọ ọdún mẹ́wàá rí ẹni sọ òótọ́ fún. Látọjọ́ tí mo ti pariwo yẹn, kò tíì sí nọ́ọ̀sì kankan tó wá jẹ́wọ́ ohunkóhun fún mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.