Fìtílà Ìdí Ọkọ̀

Ọkùnrin tí gbogbo abúlé ń pè ní Bàbá Fìtílà ni ó ṣọ́ géètì ibùdókọ̀ ojú irin wa títí wọ́n fi tì í pa. Ibùdókọ̀ náà kò tóbi: yàrá tíkẹ́ẹ̀tì kan, pèpéle gígùn tí wọ́n ń to àpò ẹrù sí, àti ilé oníyàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti tọ́ ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Nígbà tí títì ọlọ́dà dé, ẹrù bọ́ sínú lọ́rì, èrò tẹ̀lé ẹrù, ibùdókọ̀ sì di ilé àdán.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Fìtílà pupa máa ń wà ní ìdí ọkọ̀ ojú irin, ní ìparí pátápátá. Bí aṣọ́géètì kò bá rí i, kò gbọdọ̀ ṣí ọ̀nà. Ó lè jẹ́ pé apá kan já sẹ́yìn tó ṣì ń yí bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa pariwo láti ìdí àdògán pé, "Ṣé ó ti kọjá tán?" Kò ní dáhùn àfi tó bá rí iná náà.

"Ó ti kọjá tán."

Ọkọ̀ tó kọjá gbẹ̀yìn kò ní fìtílà. Bóyá wọ́n gbàgbé ni, bóyá ẹnì kan jí i, ta ló mọ̀? Bàbá Fìtílà kò ṣí géètì mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wa ń gbà.

"Bàbá," ni káfíńtà abúlé wa máa ń wí, "ọkọ̀ yẹn ti dé ilé ọkọ, ó ti bímọ!"

"Orí ejò lo rí tí o fi ń jó. Ìrù rẹ̀ ńkọ́?"

Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀, ọmọ wọn gbé e lọ sí ìlú, nítòsí ọsibítù. Bàbá ní òun ń bọ̀ tí ọ̀nà bá mọ́. Ìjì ṣí òrùlé yàrá tíkẹ́ẹ̀tì. Koríko bo irin.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọmọ náà padà wá.

"Bàbá, Màámi ò jẹun mọ́. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bèèrè ṣáá."

"Ọ̀nà ò tíì mọ́, ọmọ mi."

"Ọ̀nà wo? Koríko nìyẹn! Ṣé irin lẹ gbé níyàwó ni, àbí Màámi?"

Bàbá dìde. Ó wọlé, ó gbé fìtílà pupa tirẹ̀ jáde, ó tàn án.

"Gbà. Máa gba ojú irin lọ. Má wẹ̀yìn."

Ọmọ náà wò ó bí ẹni ń wo ẹni tí orí rẹ̀ ti ń yí, ṣùgbọ́n ó gbà á. Ó la koríko kọjá níwájú bàbá rẹ̀. Bàbá dúró ṣánṣán bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí iná náà fi kọjá. Lẹ́yìn náà ni ó fa géètì ṣí. Irin tó ti dógùn-ún ké bí ewúrẹ́, bàbá sì tẹ̀lé ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ìlú, àwọn obìnrin ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò kí wọn. Bàbá Fìtílà wọ yàrá, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ti fi aṣọ bò. Ó gba fìtílà náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nu gíláàsì rẹ̀, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ obìnrin náà.

"Ó ti kọjá tán," ni ó wí.