Àlejò Tí Tùràrí Ò Lé Lọ

Bí ẹ bá yà nílé Tùfúlù ní Sàlálà, ìlú Lárúbáwá kan létí òkun, ẹ ó jẹ dàbínù, ẹ ó mu kọfí, ẹ ó sì sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu yín. Bó bá wá gbé ìkòkò tùràrí wọlé, tí èéfín gba abẹ́ ìborí yín kọjá, ẹ dìde nílẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń fẹnu lé àlejò níbẹ̀; èéfín ló ń bá wọn ṣe é. Ọmọ ọdún méje mọ̀.

Àwọn òyìnbó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ò mọ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ilé mẹ́ta péré ni wọ́n gbà létí òkun. Ní báyìí wọ́n ti lé ní ogójì, wọ́n ń hù bí olú.

Maráíkè, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Hólándì, kanlẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Oṣù mẹ́rin ló fi kọ́ èdè Lárúbáwá, ó sì fẹ́ lo gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Bẹ́ẹ̀, aago mẹ́ta ni Salma, ẹ̀gbọ́n Tùfúlù, máa kúrò nílé lọ wọ ọkọ̀ òfurufú, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un ní Múskátì. Tùfúlù ti pinnu láti di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, kó ṣàdúrà fún un kó tó lọ.

Ó yára gbé kọfí. Kò pẹ́, ó gbé tùràrí.

Maráíkè dijú, ó fa èéfín símú. "Ìyá, mo lè wà níbí títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀."

Tùfúlù tún gbé òmíràn wá. Maráíkè fa ìwé yọ. "Mo fẹ́ kọ ohun tí mo kọ́kọ́ rí nílùú yín. Ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn, èéfín lẹ fi ń kẹ́ ẹ."

"Kọ ọ́ dáadáa, ọmọ mi."

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ojúlówó tó fi pamọ́ dọjọ́ ọdún ló dà síná. Yàrá ṣú dùdù. Àwọn méjèèjì ń wúkọ́, Maráíkè ń rẹ́rìn-ín. Ni fóònù bá dún.

"Ẹsẹ̀ ẹ kán ni?" Salma ni. "Wọ́n ti ń gbẹ́rù mi sí mọ́tò."

"Ẹ má bínú, àlejò ló wà lọ́dọ̀ mi."

"O ò tíì gbé tùràrí ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

"Ṣé kò nímú ni?"

Nígbà tí Maráíkè rí omi lójú Tùfúlù, tó sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fò dìde. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ? Mo ní mọ́tò." Ó gbé Tùfúlù sínú rẹ̀, ó sì fi eré wà á dé pápá ọkọ̀ òfurufú.

Wọ́n bá Salma lẹ́nu ọ̀nà, ó ku ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin kó wọlé lọ. Maráíkè ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbá a mọ́ra, ó ń ròyìn bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ abẹ ojú ìyá tòun náà, iye ọjọ́ tí wọ́n fi dì í, àti oògùn tí wọ́n ń kán sí i. Tùfúlù ń fẹ̀gbẹ́ wọlé, kò ráyè. Wọ́n pe Salma. Etí ìborí rẹ̀ ni ọwọ́ Tùfúlù bà.

Bí wọ́n ṣe ń padà lọ, Maráíkè ní, "Ṣé ká lọ parí kọfí wa?"

"Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Máa lọ sílé ẹ."

Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì fẹnu ara rẹ̀ lé àlejò rí. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí egbòogi. Maráíkè kàn juwọ́ sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Kò burú, Ìyá. Mo ń bọ̀ lọ́la."