Òkúta Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Kí màmá mi tó wá kí wa ní Calgary, mi ò mọ̀ pé òkúta ìpọ́nbẹ lè da orí àgbàlagbà rú. Ọ̀bẹ tó wà nílé wa ní àdúgbò Saddle Ridge ń gé ẹran, ó ń gé búrẹ́dì, ó sì ń já páálí tí wọ́n bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa. Mi ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ọ̀bẹ.

Màmá wọ kíṣìnnì lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ rẹ́ ilá fún ọmọ mi obìnrin. Wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ẹnu rẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, wọ́n sì gbé e kalẹ̀.

"Kò mú," ni wọ́n wí.

Mo ní kò burú, mo máa wá nǹkan ṣe sí i. Àmọ́ màmá mi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń lọ ọ̀bẹ mọ́ kankéré, obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì títì sì dúró sídìí wíńdò rẹ̀ tó ń wò wọ́n. Mo kí i, mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ohun gbogbo ń lọ dáadáa fún, mo sì bẹ màmá mi kí wọ́n jẹ́ ká wọlé. Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan téèyàn máa ń fa ọ̀bẹ gba inú rẹ̀. Wọ́n ní ńṣe ló ń jẹ irin. Mo ra òkúta pupa kan tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ́wọ́, wọ́n ní búlọ́ọ̀kù ni mo rà.

"Òkúta gidi," wọ́n ní, "èyí tó ti inú ilẹ̀ jáde. Ṣé ìlú yín yìí ò ní òkúta ni?"

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ sórí báyìí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nídìí epo lápá àríwá, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Èmi ń wọ train lọ sí downtown láràárọ̀, iṣẹ́ ẹnjiníà ni mò ń ṣe níbẹ̀. Bàbá mi ti kú, ilé wa ní Oǹdó sì ti dá páropáro. Mo fẹ́ kí màmá mi wà lọ́dọ̀ wa títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ní tiwọn ní káwọn yí tíkẹ́ẹ̀tì àwọn padà, káwọn máa lọ kí snow tó bẹ̀rẹ̀.

"Ilé tí mi ò ti lè rẹ́ ilá," wọ́n ní, "kí ni mò ń ṣe níbẹ̀? Kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n bí àlejò?"

"Màmá, tí mo bá wá òkúta tó máa jẹ́ kí ọ̀bẹ yìí mú ńkọ́? Ṣé ẹ máa dúró?"

"Tó bá mú, màá dúró."

Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù ọlọ́bẹ nìyẹn. Àwọn òkúta ilẹ̀ Japan tó wà níbẹ̀, inú òkè ni wọ́n ti gé wọn, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló pò wọ́n. Ọkùnrin tó ń tà á ṣàlàyé fún mi pé èyí tó rí ṣákaṣàka wà fún ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ ti já, èyí tó kúnná wà fún dídán ọ̀bẹ. Èyí tó wà láàárín ni ọ̀bẹ kíṣìnnì ń fẹ́. Ìyẹn yé mi. Mo ní kó fún mi ní èyí tó wà láàárín.

"Which one?" ló wí.

Àwọn tó wà láàárín pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ìwà tirẹ̀. Mo wá nọ́ńbà lára wọn, nítorí òkúta pupa mi ní nọ́ńbà gàdàgbà lára tó ń sọ bó ṣe kúnná tó. Wọn ò ní. Ó ní òkúta tó ti inú ilẹ̀ wá kì í ní nọ́ńbà, àfojúdá ni.

"So how do I choose?"

"It depends."

Ẹnjiníà ni mí. Tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi bá sọ pé "it depends" tó sì dákẹ́, màá ní kó padà lọ jókòó. Ọkùnrin yìí wọ́n omi sórí òkúta méjì, ó fi ọ̀bẹ rà wọ́n lójú, ó ní kí n fetí sí ìró wọn. Mo fetí sílẹ̀ tọkàntọkàn. Òkúta ni mo gbọ́. Ó ní kí n fọwọ́ kan ẹrẹ̀ tó jáde lára wọn, ṣé mo rí i pé ọ̀kan rọ̀ ju èkejì lọ. Mo ní mo rí i. Irọ́ ni. Nígbà tó yá, mo mú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jọ sílétì tí a fi ń kọ́ ABD nígbà tí mo wà ní kékeré, torí ó kéré tán, ìyẹn mo mọ̀ ọ́n rí.

Mo pọ́n ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sínkì títí apá fi ń ro mí. Màmá fa àga sún mọ́ mi, wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀, inú wọn dùn. Mo nu ọ̀bẹ náà, mo gbé e fún wọn. Wọ́n fi àtàǹpàkò rà á.

"Kò mú."

Mo fi gé bébà, ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọmọ mi náà gbìyànjú rẹ̀ níṣojú mi. "It's super sharp, Grandma!"

"Kí ló wí?"

"Ó ní ó mú, Màmá."

"Ọmọdé ni."

Mo gbé òkúta àti ọ̀bẹ padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà fi ọ̀bẹ fá irun díẹ̀ kúrò ní apá ara rẹ̀, ó wo apá, ó wò mí. Ó bi mí ta ló sọ pé ọ̀bẹ yìí ò mú. Mo ní màmá mi ni. Ó ronú lọ títí, ó wá ní bóyá ẹnu tó dán jù ni kò bá wọn lára mu, kí n gbìyànjú èyí tó rí ṣákaṣàka díẹ̀ sí i. Ó bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Nínú train, mo gbé òkúta kejì lé itan, mo ń wò ó, mi ò mọ ohun tí mò ń wò. Ṣé ọwọ́ mi ni kò dára ni, àbí òkúta, àbí irin ọ̀bẹ? Gbogbo ohun tó yẹ kó fi hàn pé ọ̀bẹ mú ló ti fi hàn. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ pé kò mú, ẹni yẹn gan-an ni mò ń pọ́n ọn fún.

Ní Sátidé, mo tún pọ́n ọn. Wọ́n tún rà á, wọ́n tún mi orí.

"Kò mú."

Inú bí mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n ti pinnu láti lọ tipẹ́, ọ̀bẹ ni wọ́n kàn fi ń bojú. Mo gbé tòmátò kan, mo rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú abọ́.

"Màmá, ẹ wò ó! Ẹ wo bó ṣe rí! Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ sọ fún mi straight, ẹ má fi knife dá mi lóró mọ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Tòmátò nìyẹn. Ṣé tòmátò ló máa sọ fún mi ni?" Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. "Gbé ilá yẹn wá."

Màmá mi kì í lo pákó ìgénǹkan. Inú àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ti ń rẹ́ ilá, wọ́n á fa ọ̀bẹ wá bá àtàǹpàkò, ìgbà tó bá kan án ni wọ́n á tó dá a dúró. Bí èmi náà ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wọn ń yá, wọ́n sì ń sọ fún mi pé àwọn kò purọ́ fún mi rí, pé kí ló dé tí mo fi ń bá àwọn sọ̀rọ̀ báyẹn. Ilá ń bọ́ sínú abọ́. Mo rí pupa lára rẹ̀. Mo rò pé omi tòmátò ni.

Omi tòmátò ń pọ̀ sí i.

"Màmá! Ẹ dúró! Ẹ ti gé ọwọ́!"

"Ọwọ́ ta ni?"

Wọn ò tíì dúró. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo gba ọ̀bẹ, mo sì rí àtàǹpàkò náà. Ó ti gé níbi púpọ̀, àtijọ́ àti tuntun, àwọn àpá tín-ín-rín tó ti jinná ti wà lábẹ́ èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Ṣé kò dùn yín ni?"

Mo fa táwẹ́lì, mo fi dì í. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ìka kan bani lẹ́rù lọ.

"Ọwọ́ yìí ti kú díẹ̀," wọ́n ní, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ó ti ṣe díẹ̀. Mo rò pé òtútù yín ni. Mo ní tí mo bá tètè délé, tí oòrùn bá kàn án, á jí."

Mo fún táwẹ́lì náà mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ sì ń là á kọjá.

Wọ́n yọjú wo abọ́ ilá. "Ó mú nígbà náà," wọ́n ní. Wọ́n wá na ọwọ́ náà sí mi. "Bá mi wò ó. Ṣé ó jìn?"